Kí Ọ̀rá Lọ, Kí Iṣan Dúró: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Sáré Déédéé

Ẹ lọ sórí afárá tó so Lẹ́kí pọ̀ mọ́ Ìkòyí láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó le. Ẹ ó rí àwọn tó ti ń sáré láti ọdún mélòó kan, tí ẹsẹ̀ wọn yá, tí èémí wọn sì gùn, àmọ́ tí ikùn ṣì ń ṣáájú wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ ó tún rí àwọn mìíràn tí ikùn ti lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí èjìká, apá àti ìdí ti bá a lọ. Àwọn yẹn ni ará ilé máa ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bi pé, "Ṣé kò sí o? Ṣé ara le?" Ohun kan náà ló ṣe igun méjèèjì: ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n di gbogbo ẹrù náà rù.

Èrò tèmi rèé. Inú ìkòkò ọbẹ̀ la ti ń yọ ọ̀rá. Ohun wúwo tí èèyàn ń gbé ló ń sọ fún ara pé kó má fọwọ́ kan iṣan. Eré sísá ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ eré sísá: fún ọkàn, fún èémí, fún ìgbádùn, fún ìje tí ẹ fẹ́ sá. Ọjọ́ tí ẹ bá sọ ọ́ di ìyà tí ẹ fi ń san gbèsè oúnjẹ àná, ọjọ́ náà ni iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tó ń sáré ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, tí ara wọn yá, tí wọ́n sì fẹ́ yọ kílò mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò. Bí ẹ bá lóyún, tí ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, tí ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tí kíndìnrín yín ní ìṣòro, tàbí tí ẹ ti tín-ínrín tẹ́lẹ̀, ẹ rí dókítà kí ẹ tó bu ohunkóhun kù.

1. Ẹ ṣírò ná, kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ

Eré kìlómítà kan máa ń jó nǹkan bíi kálórì kan fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wọ̀n. Yálà ẹ sá a kíákíá tàbí ẹ rọra sá a, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tó wọn 80 kílò, tó ń sá 30 kìlómítà lọ́sẹ̀. 80 lọ́nà 30 jẹ́ 2,400 kálórì. Ọ̀rá ara kílò kan ṣoṣo sì ní nǹkan bíi 7,700 kálórì nínú. Gbogbo òógùn ọ̀sẹ̀ kan kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta kílò ọ̀rá, ìyẹn bí kò bá san án padà fún ara rẹ̀ lálẹ́ Jímọ́. Ìgò bíà ńlá kan lé ní 200 kálórì. Ta ló sì ń mu ẹyọ kan?

Ìyára tó dára ni kí ìwọ̀n ara máa fi ìdá 0.5 sí 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́sẹ̀. Fún ọkùnrin wa yìí, 400 sí 560 gíráàmù ni. Mo mọ̀ pé kò jọni lójú, pàápàá lójú ẹni tí wọ́n ti ta tíì "kílò mẹ́wàá lóṣù kan" fún. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Norway gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára àwọn eléré ìdárayá tó mọṣẹ́ gan-an jáde. Gbogbo wọn ló ń gbé irin. Àwọn kan ń fi ìdá 0.7 dín kù lọ́sẹ̀, àwọn tó kù ń fi ìdá 1.4. Ìwọ̀n ara àwọn méjèèjì dín kù bákan náà nígbẹ̀yìn, àmọ́ iṣan àwọn tó rọra lọ tún pọ̀ sí i, tàwọn tó kánjú kò kúrò lójú kan.

Bí ẹ bá dín 500 kálórì kù lójúmọ́, 3,500 lọ́sẹ̀ nìyẹn, tí í ṣe nǹkan bíi 450 gíráàmù ọ̀rá. Obìnrin tó wọn 60 kílò kò nílò ju 300 sí 400 lọ. Kò sídìí láti dín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Ẹ wá 500 náà nínú epo, ohun mímu àti òkèlè

Epo ni mo máa ń kọ́kọ́ bojú wò, torí pé òun ló pọ̀ jù, òun sì lèèyàn kì í rí. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan, epo pupa ni o, òróró ni o, jẹ́ nǹkan bíi 120 kálórì. Ẹ se ọbẹ̀ ata yín bí ẹ ṣe ń sè é. Ẹ dín in títí omi á fi gbẹ, kí ẹ wá gbé e kalẹ̀ kó tutù díẹ̀. Epo á yọ jáde, á léfòó, á pupa yòò létí ìkòkò. Ẹ fi nǹkan gbé abẹ́ ìkòkò náà sókè lápá kan kí epo lè ṣàn jọ sójú kan, kí ẹ fi ṣíbí bù ú sínú ìgò, kí ẹ sì máa kà á bí ẹ ṣe ń bù ú. Ṣíbí mẹ́fà tí ẹ bù kúrò ti lé ní 700 kálórì tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò ní jẹ. Adùn ọbẹ̀ kò ní lọ, nítorí ata àti àlùbọ́sà ti dín dáadáa kí epo tó kúrò. Epo inú ìgò kò ní ṣòfò náà. Òun lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ má wá torí ìyẹn sọ pé ẹ ò ní fojú kan epo mọ́. Ara nílò ọ̀rá láti fi ṣe àwọn èròjà tó ń darí nǹkan oṣù obìnrin àti okun ọkùnrin, epo pupa sì ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A.

Ohun mímu kò gba àlàyé púpọ̀. Mínírà, mọ́ọ̀tì, júùsì inú páálí, tíì tó kún fún ṣúgà: wọn kì í yóni, iṣan kò sì rí nǹkan jẹ nínú wọn. Omi ni kí ẹ fi rọ́pò wọn.

Ní ti òkèlè, ìtàn tó wọ́pọ̀ ni pé àmàlà tàbí èbà alẹ́ ló ń di ikùn. Ilẹ̀ tó ṣú kọ́ ló ń sọ èbà di ikùn, bó ṣe pọ̀ tó ni. 100 gíráàmù gààrì gbígbẹ lé ní 350 kálórì, èbà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń jẹ lójú ìjókòó kan sì lè gba ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n kékeré ní ilé ìdáná, ẹ wọn gààrì tàbí èlùbọ́ náà kí ẹ tó dà á sómi gbígbóná. Bí kò bá sí, ẹ fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, agolo kan náà lójoojúmọ́, kí ó má lórí. Ẹ bù ú kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ dí àyè rẹ̀. Ẹ má yọ ọ́ pátápátá, torí òun lẹ ó fi sáré.

3. Ẹ gbé ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ṣíwájú

Bí oúnjẹ bá dín kù, ara á wá ohun mìíràn jó. Ọ̀rá la fẹ́ kó jó, àmọ́ iṣan wà nítòsí. Iṣan tí kò bá sì rí ohun tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn eré á bẹ̀rẹ̀ sí í wó díẹ̀díẹ̀. Amúaradàgbà ló fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Iye tó yẹ fún ẹni tó ń dín oúnjẹ kù, tó sì ń sáré, ni 1.6 sí 2.2 gíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Fún ẹni 80 kílò, láti nǹkan bíi 130 dé 175 gíráàmù ni. Bí ẹ bá sanra gan-an, ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ dé ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe èyí tí ẹ wà lónìí.

Yunifásítì McMaster ní Kánádà ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2016. Wọ́n mú 40 ọ̀dọ́kùnrin, wọ́n dín oúnjẹ wọn kù gan-an fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì ń mú wọn ṣe eré ìdárayá líle ní ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Àwọn tó ń jẹ amúaradàgbà 2.4 gíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan pàdánù ọ̀rá 4.8 kílò, iṣan wọn sì fi 1.2 kílò pọ̀ sí i. Àwọn tó ń jẹ 1.2 pàdánù ọ̀rá 3.5 kílò, iṣan wọn ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò níbi tó wà. Irú ìdínkù oúnjẹ tí wọ́n ṣe yẹn kì í ṣe ohun àdánwò nílé o. Iye amúaradàgbà ni kí ẹ mú níbẹ̀.

Àwo oúnjẹ tiwa ló níṣòro. Búrẹ́dì àti tíì láàárọ̀, ìrẹsì ẹlẹ́ran kan lọ́sàn-án, òkèlè ẹlẹ́ran kan lálẹ́. Ègé ẹran búkà tó wọn 30 gíráàmù kò ní tó 10 gíráàmù amúaradàgbà nínú. Ẹni tó ń jẹ báyìí kò ní sún mọ́ 130 rárá, bó ti wù kó yó tó. Wọ́n sì tún ti kọ́ ọ̀pọ̀ wa láti kékeré pé ẹran là ń jẹ kẹ́yìn, pé ọmọ tó bá kọ́kọ́ mú ẹran, ojúkòkòrò ló ní. Ẹ dárí ji àwọn àgbà, kí ẹ yí i padà: ẹja, ẹran tàbí ẹyin lẹ ó kọ́kọ́ jẹ, ẹ̀fọ́ ló tẹ̀ lé e, òkèlè ló kẹ́yìn. Ìgbà tí ẹ bá fi dé ìdí òkèlè, ẹ ó rí i pé ẹ ò fẹ́ẹ́ jẹ ẹ́ tán mọ́.

Ẹyin kan ní 6 gíráàmù. Igẹ̀ adìyẹ sísè tó wọn 100 gíráàmù ní nǹkan bíi 30. Ẹja Titus tàbí kọ̀tẹ̀ sísè ní ìwọ̀n kan náà lé ní 20. Ẹ̀wà sísè 100 gíráàmù ní nǹkan bíi 8, ẹni tó bá sì fi ẹ̀kọ jẹ ẹ́ ṣe dáadáa, nítorí ohun tí ẹ̀wà kò ní tó, àgbàdo ní in. Wàrà, sóyà, ẹja ṣawá àti edé á ran ẹni tí owó ẹran ń dà láàmú lọ́wọ́. Móínmóín ẹlẹ́mìí méje, tó ní ẹyin, ẹja àti edé nínú, wà lára oúnjẹ tó dára jù lọ tí olùsáré lè jẹ nílẹ̀ yìí, mo sì ṣe tán láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Àkàrà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà kan náà ni, àmọ́ ó ti fa òróró mu.

Ẹ ṣọ́ra fún mẹ́ta. Ẹ̀pà ní amúaradàgbà, ṣùgbọ́n bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rá. Ẹ̀gúsí náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹkẹta ni pọ̀nmọ́. Pọ̀nmọ́ dùn, mi ò ní ká yọ ọ́ lọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n irú amúaradàgbà inú awọ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún títún iṣan ṣe. Ẹ jẹ ẹ́, àmọ́ ẹ má kà á mọ́ ẹran.

Ẹ pín gbogbo rẹ̀ sí mẹ́rin, kí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní 30 sí 35 gíráàmù. Láàárọ̀, ẹyin sísè mẹ́ta àti 200 gíráàmù ẹ̀wà: 34 nìyẹn. Lọ́sàn-án, ìrẹsì pẹ̀lú igẹ̀ adìyẹ tó wọn 100 gíráàmù, nǹkan bíi 30, ìrẹsì fúnra rẹ̀ á sì fi díẹ̀ sí i. Nírọ̀lẹ́, móínmóín ńlá méjì, ó lè tó 30. Lálẹ́, àmàlà kékeré, ẹ̀fọ́ rírò tó pọ̀, ẹja 150 gíráàmù, 30 ó lé. Ẹ ti dé 130 láìra ìyẹ̀fun olówó ńlá kankan. Bó bá wù yín láti rà á, ẹ rà á, oúnjẹ náà ni; kò ní agbára kankan tí ẹyin kò ní.

4. Kẹ́ẹ̀gì omi tó fún iṣẹ́ yìí

Ọ̀pọ̀ sárésáré gbà pé ẹsẹ̀ wọn kò nílò ohun wúwo torí pé wọ́n ń sáré. Ìgbésẹ̀ eré pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ lójú iṣan, èjìká àti ẹ̀yìn kò sì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Ara kì í fi owó rẹ̀ bọ́ ohun tí a kò lò. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 40 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ti tó láti sọ fún un pé a ṣì ń lo iṣan yìí.

Jíìmù dára, bó bá wà nítòsí tí owó rẹ̀ kò sì pa yín lára. Bí kò bá sí, ẹ mú kẹ́ẹ̀gì 25 lítà. Lítà omi kan wọn kílò kan, nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa pinnu bí ó ṣe máa wúwo tó, kò sì sí ọ̀nà tó péye ju ìyẹn lọ láti máa fi kílò kan kan kún un. Ẹ fi lítà mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀. Ẹ de ìdérí rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi aṣọ àkísà yí ọwọ́ rẹ̀ ká, torí òógùn á mú kó máa yọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lóṣòó. Ẹ gbé àpótí sẹ́yìn yín, ẹ gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ àyà, ẹ rọra lọ sílẹ̀ títí ìdí á fi kan àpótí, kí ẹ sì dìde láìjókòó. Gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ tẹ̀ láti ìbàdí, kí ẹ̀yìn tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ dì í mú, kí ẹ fi ìdí àti ẹ̀yìn itan gbé ara nà ró. Èyí ló ṣe pàtàkì jù fún sárésáré, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń ṣe bí kò ṣe yẹ: bí ẹ̀yìn bá ti ká, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ dín omi rẹ̀ kù. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn sójà, kí ẹ dà bo ilẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ti ara sókè. Ẹ̀kẹrin, ẹ fi ọwọ́ kan di orí àga mú, kí ẹ fi èkejì fa kẹ́ẹ̀gì láti ilẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Ẹ parí rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn: ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ìka ẹsẹ̀ létí àtẹ̀gùn, kí gìgísẹ̀ máa lọ sílẹ̀, kó máa bọ̀ sókè.

Ipele mẹ́ta ni kí ẹ ṣe ìkọ̀ọ̀kan wọn. Nínú ipele kan, ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹfà sí ẹ̀ẹ̀mejìlá. Ẹ dúró nígbà tó bá kù bí ẹ̀ẹ̀mejì tí agbára yín ṣì lè gbé. Ọjọ́ tí ipele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé méjìlá, ẹ bu lítà omi kan tàbí méjì kún un. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé kékeré yẹn máa wúlò tó bá dé orí wíwọn ara.

Ìmọ̀ràn kan wà tí mi ò fara mọ́ rárá, pé bí èèyàn bá fẹ́ "gé ara", kó fi ohun fífúyẹ́ ṣe é ní ìgbà púpọ̀. Ohun wúwo ló mú iṣan dé, òun náà ló máa dá a dúró. Bí ó bá rẹ̀ yín nítorí oúnjẹ tó dín kù, ẹ yọ ipele kan kúrò, ẹ má yọ omi kúrò nínú kẹ́ẹ̀gì.

5. Ẹ má fi kìlómítà kún un

Bí ẹ ti ń sá 30 tẹ́lẹ̀, ẹ dúró sí 30, tàbí kí ẹ sọ ọ́ di 25. Ara tí oúnjẹ rẹ̀ dín kù kì í yára tún ara rẹ̀ ṣe, ẹni tó bá sì fi eré kún ìdínkù yẹn ń wá ìpalára. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú eré náà rọ̀, kí ẹ lè máa bá ẹni ẹ̀gbẹ́ yín sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle. Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún eré kíákíá, bíi 400 mítà lọ́nà mẹ́fà, kí ẹsẹ̀ má gbàgbé. Ọjọ́ kan fún eré gígùn.

Bí mo ṣe máa tò ó nìyí: kẹ́ẹ̀gì ní Mọ́ńdè, eré kíákíá ní Túsìdeè, eré rírọ̀ ní Wẹ́sìdeè, kẹ́ẹ̀gì ní Tọ́sìdeè, ìsinmi ní Jímọ́, eré gígùn ní Sátidé, ìrìn lásán ní Sọ́ńdè. Bí eré àti kẹ́ẹ̀gì bá ní láti bọ́ sí ọjọ́ kan náà, ẹ sáré láàárọ̀, kẹ́ẹ̀gì di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ eré kíákíá àti ti eré gígùn, ẹ má bu oúnjẹ kù. Ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí búrẹ́dì díẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì jẹun gidi lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi àti ti eré rírọ̀ ni kí ìdínkù náà pọ̀ sí. Ní ti sísáré láìjẹun, ara máa ń jó ọ̀rá díẹ̀ sí i nígbà tí ẹ ń sá a lọ́wọ́, àmọ́ tó bá di pé a ro gbogbo ọjọ́ pọ̀, kò sí ìyàtọ̀. Bó bá bá yín lára mu fún eré rírọ̀ ìṣẹ́jú 40, ẹ ṣe é. Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu.

Àwọn tó ń wọ ọ̀rá nálọ̀n sábẹ́ aṣọ sáré nínú ooru Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ. Kílò kan tó lọ láàárín wákàtí kan, lítà omi kan ni, ẹ sì máa mu ún padà. Ooru lè dá èèyàn dùbúlẹ̀. Àgbo jẹ̀dí àti tíì tó ń yọ ikùn náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìgbẹ́ àti omi ni wọ́n ń lé jáde.

Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà. Lagos City Marathon, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2016, oṣù kejì ló máa ń wáyé. Ẹni tó fẹ́ sá a á ti máa gbáradì gidi láti bí oṣù kẹwàá. Oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ló yẹ kó fi yọ ọ̀rá, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, kó sì parí rẹ̀. Ẹni tó bá ń febi pa ara rẹ̀ nínú oṣù kìíní kò ní gbádùn ojú ọ̀nà.

6. Oorun

Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Chicago fún àwọn èèyàn mẹ́wàá tó sanra jù ní oúnjẹ ìdínkù kan náà ní ìgbà méjì, ọjọ́ 14 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà kan, wọ́n ń fi wákàtí 8.5 dùbúlẹ̀ lóru. Nígbà kejì, 5.5. Ìwọ̀n ara wọn dín kù bákan náà, nǹkan bíi kílò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sùn dáadáa, ọ̀rá tó lọ jẹ́ 1.4 kílò, nígbà tí wọn kò sùn tó, 0.6 péré. Ohun tó kù tó lọ, kì í ṣe ọ̀rá.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń gbé ní Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù kò ní wákàtí mẹ́jọ lọ́wọ́. Bí ẹ bá wá ní láti yan ọ̀kan nínú eré aago mẹ́rin ìdájí àti oorun wákàtí kan àbọ̀, ẹ sùn.

7. Òṣùwọ̀n, téèpù àti ìwé kẹ́ẹ̀gì

Ẹ gun òṣùwọ̀n láàárọ̀, lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ tó jẹ tàbí mu ohunkóhun. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ ro ọjọ́ méje pọ̀, kí ẹ pín in sí méje. Iye yẹn nìkan ni kí ẹ fi wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìdí ni pé afáralókun, ìyẹn ohun tí ara ń rí nínú òkèlè àti ìrẹsì, tí iṣan tọ́jú pamọ́ máa ń di omi mọ́ra, nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta fún gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jẹ ìrẹsì òde lánàá lè fi kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wúwo sí i lónìí láìsí pé ọ̀rá kankan wọlé. Iyọ̀ ń ṣe irú rẹ̀, ọjọ́ tó ṣáájú nǹkan oṣù náà ń ṣe irú rẹ̀.

Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ikùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ìdọ́gba ìdodo, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mí jáde, láìfa ikùn wọlé. Àwọn òṣùwọ̀n tó ń sọ iye ọ̀rá ara fúnni máa ń yí ohùn padà bí omi ara bá ṣe rí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó ìdààmú bá yín.

Ìwé kẹ́ẹ̀gì ló wá sọ òótọ́ jù. Bí ikùn bá ń dín kù, tí ẹ sì ń gbé iye lítà kan náà tàbí tó pọ̀ sí i, ọ̀rá ló ń lọ. Bí ìwọ̀n ara bá ń já wálẹ̀, tí kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ń gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá tẹ́lẹ̀ wá ń dé ẹ̀ẹ̀mẹfà, iṣan ti wà nínú ohun tó ń lọ: ẹ fi oúnjẹ kún un, kí ẹ wo amúaradàgbà àti oorun yín. Bí nǹkan kan kò bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òṣùwọ̀n kò yí, téèpù kò yí, ẹ padà sídìí epo kí ẹ kà á lákọ̀tun kí ẹ tó dín òkèlè kù.

Ààwẹ̀ àti òde àríyá

Nínú Ramadan, ẹ dín eré kù, ẹ má fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Eré rírọ̀ ìṣẹ́jú 30 kí ìṣínu tó dé ti tó. Kẹ́ẹ̀gì di ẹ̀yìn ìṣínu. Ẹ pín amúaradàgbà sí ìṣínu, kí ẹ tó sùn, àti sààrì, kí sààrì má jẹ́ ògì lásán. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mélòó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì lè fi eré kíákíá sílẹ̀ títí yóò fi parí. Kò sí ohun tó máa bàjẹ́.

Ní òde, ẹ má sọ fún olóde pé ẹ ń dín oúnjẹ kù. Ìjíròrò tó máa tẹ̀ lé e gùn ju 10 kìlómítà lọ. Ẹ gba ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja, ẹ gba ẹran, ẹ jẹ díẹ̀ nínú ìrẹsì. "Ẹ jẹ́ n gbé èyí tó kù délé" kì í bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ dáwọ́ dúró

Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, bí ojú kan lára eegun ojúgun bá ń dunni tó sì ń dunni lóru pẹ̀lú, bí òtútù tàbí ibà bá ń ṣe yín léraléra, bí ọkùnrin bá rí i pé ìfẹ́ obìnrin ti kúrò lọ́kàn òun, oúnjẹ ti kéré jù fún eré tí ẹ ń sá. Àwọn oníṣègùn eré ìdárayá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní 2014, wọ́n sì fún un lórúkọ, RED-S (Relative Energy Deficiency in Sport), ìyẹn ni kí oúnjẹ má tó fún eré ìdárayá tí èèyàn ń ṣe. Ẹ padà sí oúnjẹ tó kún, kí ẹ lọ rí dókítà.

Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ dúró ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ẹ̀ báà tíì dé ibi tí ẹ ń lọ tàbí ẹ ò tíì dé. Ẹ fi nǹkan bíi 200 kálórì kún oúnjẹ ojúmọ́ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nínú òkèlè àti ìrẹsì, títí ìwọ̀n ara á fi dúró sójú kan. Òṣùwọ̀n lè fi kílò kan sókè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Omi àti ìrẹsì ló padà sínú iṣan, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.